Láti àmátọ̀ sí rẹfirí àwọn tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ jẹun: kí ló yàtọ̀?

Ọmọ Agbo-Ọba
Sàlámù àlékùm, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ni mò ń ṣe rẹfirí fún níbí ní Ìlọrin. Mo fẹ́ bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ jẹun. Ta ló ń fúnni ní láísẹ́ǹsì? Kí ló yẹ kí n tún kọ́, kí ló sì yẹ kí n gbàgbé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ owó kún un, kí n mọ̀ bóyá mo lè fi iṣẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀.

Ìyẹ̀rú Ọ̀kín
Wàálékùm sàlámù, àbúrò. Ká tètè gbé ti owó kúrò lọ́nà: má fi iṣẹ́ sílẹ̀. Iye ìjà tó o bá darí ni wọ́n ń sanwó fún, kò sówó oṣù níbẹ̀, Èkó sì ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wáyé.

Nigeria Boxing Board of Control ló ń fúnni ní láísẹ́ǹsì. Boxing Federation tó o mọ̀, ti àmátọ̀ ni, àwọn tí kì í fi ẹ̀ṣẹ́ jẹun. Má gba ọ̀dọ̀ púrómótà wọlé o. Ẹni tí olówó ìjà bá mú débẹ̀, ojú olówó náà ni yóò máa wò. Kọ̀wé fúnra rẹ, kí o múra sílẹ̀ fún àyẹ̀wò ara àti ti ojú. Kí wọ́n tó pè ọ́, máa jókòó sétí ríńgì, kí o máa kọ máàkì tìrẹ: 10 fún ẹni tó ni ráùndì, 9 fún ẹnì kejì, 8 bí ẹnì kejì bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Tí wọ́n bá ka ti àwọn adájọ́ síta, fi tìrẹ wé e. Má rò pé iṣẹ́ ẹlòmíràn ni máàkì: ní Bìrìtéènì, bí ìjà kì í bá ṣe ti bẹ́líìtì, rẹfirí nìkan ló ń kọ ọ́.

Ohun tó o máa gbàgbé rèé. Lọ́dọ̀ àmátọ̀, bí ojú ọmọ bá ti ń ṣú, o lè ka mẹ́jọ fún un lórí ìdúró. Òfin àjùmọ̀lò àwọn tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ jẹun kò gba ìyẹn. Kó máa jà lọ, tàbí kí o fòpin sí i. Ìdìmọ́ra náà yàtọ̀. Má sáré là wọ́n. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá ṣì ráyè tó ń gbá ìhà, ìjà ń lọ nìyẹn. Ìgbà tí ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá há ni kí o kígbe "Break", kí àwọn méjèèjì sún sẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni tó tún ju ẹ̀ṣẹ́. Ohùn ni kí o kọ́kọ́ fi là wọ́n. Ẹni tó bá ń fi ara là wọ́n máa ń di ọwọ́ ẹnì kan mú nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ ẹnì kejì ń bọ̀. (Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, a fẹ́ràn kí wọ́n dì mọ́ra pẹ́, àmọ́ ẹ̀ṣẹ́ kọ́ nìyẹn.)

Ọmọ Agbo-Ọba
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Kíkà gan-an ńkọ́? Bí agogo bá dún nígbà tí mo ka dé mẹ́fà?

Ìyẹ̀rú Ọ̀kín
Agogo kò gba ẹni tó ṣubú là. Máa kà lọ, ní ráùndì yòówù kó jẹ́.

Bó ṣe ń lọ nìyí: bí ẹnì kan bá ti ṣubú, ẹni tó ń ṣọ́ aago lórí tábìlì ló bẹ̀rẹ̀ kíkà. Ìwọ, na ọwọ́ sí igun funfun tó jìnnà jù, ìyẹn igun tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn, kí ẹni tó gbá a máa lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí o gba kíkà lẹ́nu ẹni orí tábìlì: bó bá ti sọ mẹ́ta, mẹ́rin ni tìrẹ. Bí ẹni tó wà ní igun funfun bá kúrò níbẹ̀, dá kíkà dúró títí á fi padà. Ohun tó fa ariwo ní Chicago ní 1927 nìyẹn. Nínú ìjà Dempsey àti Tunney, abẹ̀ṣẹ́ẹ́kùbíòjò Amẹ́ríkà méjì, Dempsey gbá Tunney ṣubú, kò tètè lọ sí igun, kíkà pẹ́, Tunney rí àyè mí, ó dìde, ó sì borí. Títí di òní ni wọ́n ń jiyàn lé e.

Dúró síbi tí wàá ti rí ẹni ilẹ̀ àti ẹni igun pa pọ̀. Fi ìka kà, torí etí rẹ̀ lè ti di. Bó tilẹ̀ dìde ní méjì, kà á dé mẹ́jọ. Nu ìbọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ kí ìdọ̀tí ilẹ̀ má bàa wọ ojú ẹnì kejì. Bó bá já bọ́ síta láàárín okùn, ìṣẹ́jú àáyá 20 ló ní láti fi padà, kí ẹnikẹ́ni má sì ràn án lọ́wọ́. Ibì kan ń lo òfin pé ìṣubú mẹ́ta ní ráùndì kan parí ìjà, ibòmíràn kò lò ó. Béèrè kí ẹ tó jáde ní yàrá.

Nọ́ọ̀sì Òmù-Àrán
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀gbọ́n, ohun tó tẹ̀lé mẹ́jọ yẹn ló le jù. Kò sí abẹ̀ṣẹ́ẹ́kùbíòjò tí wàá bi pé "Ṣé o lè jà?" tí yóò ní rárá. Ní kó rìn wá bá ọ, kó gbé ọwọ́ sókè. Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́? Ṣé ẹyinjú rẹ̀ ń tẹ̀lé ọ? Bó bá ṣubú láìna ọwọ́ gba ilẹ̀, tàbí tí orí rẹ̀ lu ilẹ̀, má kà rárá. Ju ọwọ́ pé ó parí, yọ ike eyín lẹ́nu rẹ̀, pe dókítà, má sì jẹ́ kí àwọn ará igun rẹ̀, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ láàárín ráùndì, gbé e jókòó.

Ní 1962, abẹ̀ṣẹ́ẹ́kùbíòjò Benny Paret há sí igun, ẹ̀ṣẹ́ Griffith tí wọ́n jọ ń jà ń rọ́ lù ú, ìjà náà kò tètè dúró, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà ló kú. Ní 1990, rẹfirí Richard Steele dá ìjà Chávez àti Taylor dúró, tó fi jẹ́ pé Taylor pàdánù, nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 2 péré, bẹ́ẹ̀ Taylor ló ń ṣíwájú. Wọ́n bú u gan-an. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà: ó bi Taylor léèrè, Taylor kò dáhùn.

Ìyẹ̀rú Ọ̀kín
Mo gbà, nọ́ọ̀sì, àmọ́ kó má sọ ọmọ yìí di ojo. Ìjà tí o bá tètè dá dúró láìtọ́, oúnjẹ ẹnì kan lo gbà. Ẹni tó ń yẹ orí, tó ń dì mọ́ni, tó ń dá ẹ̀ṣẹ́ padà, ó ṣì mọ ibi tó wà. Ẹ̀ṣẹ́ mẹ́ta mẹ́rin tó wọlé láìsí ìdáhùn ni kí o sún mọ́.

Ojú tó bá là náà ńkọ́? Ojú ẹsẹ̀ ni kí o sọ fún àwọn adájọ́ àti igun méjèèjì bóyá ẹ̀ṣẹ́ ló là á tàbí orí tó kàn án. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ́, tí kò sì lè jà mọ́, ó pàdánù. Bó bá jẹ́ orí láìmọ̀ọ́mọ̀, tí ráùndì mẹ́rin kò tíì pé, ìjà náà kò ní olúborí. Bó bá ti pé, máàkì ni wọ́n á kà. Tí o kò bá sọ ọ́ nígbà yẹn, tó bá di ráùndì kẹfà, ariwo ni wàá gbọ́. Ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ bá bà lábẹ́ ìgbànú ní ìṣẹ́jú 5 láti sinmi, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì Òmù-Àrán
Ti ìmúra: bàtà pẹlẹbẹ tó rọ̀ nísàlẹ̀, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kò sí aago, kò sí òrùka. Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, tẹ okùn wò, fi ẹsẹ̀ wá ibi tí aṣọ ilẹ̀ ti dẹ̀ tàbí tó lómi. Béèrè ilé ìwòsàn tí áńbúláǹsì ń lọ. UITH, ilé ìwòsàn yunifásítì Ìlọrin, wà lójú ọ̀nà Jẹ́bà, kì í ṣe àárín ìlú, kí awakọ̀ ti mọ ọ̀nà rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí dókítà bá sì ní òun fẹ́ lọ kírun díẹ̀, agogo kò gbọdọ̀ dún títí á fi padà sórí àga rẹ̀.