Ṣé èmi nìkan ni fọ́tò Gurara tàn jẹ ni?

Bàbá Ìbejì Kubwa

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ wà ní Àbújá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí. Láti December ni ìyàwó mi ti ń fi fọ́tò ìṣàn omi Gurara hàn mí lórí fóònù, omi funfun báláú tó ń ya wálẹ̀ látorí òkúta, igbó tútù yọ̀yọ̀ yí i ká, ọmọbìnrin kan wọ aṣọ yẹ́lò dúró síwájú ẹ̀, kò sì sí ẹlòmíì níbẹ̀ àfi òun nìkan. Mo ní kò burú. Sátidé tó kọjá nínú February yìí, mo rọ epo kún táǹkì, ìyàwó mi se ìrẹsì sínú kúlà, a kó àwọn ìbejì àti àbúrò ìyàwó mi sẹ́yìn, ó di Zuba, ó di Madalla, a gba Suleja já sọ́nà Minna, gbogbo wọn ń kọrin.

Ìgbà tá a débẹ̀, òkúta ni mo rí. Òkúta lọ́tùn-ún, òkúta lósì, gbogbo ẹ̀ gbẹ táútáú, ó gbóná débi pé ọmọ ò lè fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́. Mo ní omi ńkọ́? Bọ̀ọ̀dá tó ń mú wa kiri nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀yin ará, ẹ̀rọ omi ilé mi, lọ́jọ́ tí omi bá yọ, ó fẹ́ẹ̀ lágbára ju ohun tó ń ṣàn níbẹ̀ lọ. Ibi tí mo sì rò pé aláṣọ yẹ́lò yẹn dúró sí, ọ̀rá pure water ló kúnbẹ̀. Ìyàwó mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí a fi padà dé Zuba.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé irọ́ ni fọ́tò yẹn ni àbí ibòmíì la lọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń rìn kiri apá òkè yìí, ṣé bẹ́ ẹ ṣe rí i lórí fóònù náà lẹ ṣe ń bá a?

Ọmọ Ọ̀fà ní Lugbe

Ẹ kú ìrìn o bàbá ìbejì. Mo ní mi ò ní rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo ti rín in. February kẹ̀! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Kubwa, ìgbà wo lòjò rọ̀ lórí páànù yín gbẹ̀yìn? Òjò kan náà yẹn ló ń bọ́ odò Gurara. Ẹ lọ ní August tàbí September, ẹ máa rí omi tó bo òkúta náà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, ariwo ẹ̀ nìkan á ti kí yín kẹ́ ẹ tó rí i, àmọ́ nígbà yẹn ẹ ò ní lè jẹ́ kí ọmọ sún mọ́ ọn rárá. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ọmọ lè ṣeré nínú adágún kéékèèké tó wà láàárín òkúta, èmi fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ibẹ̀ náà lẹ lọ, oṣù lẹ ṣì.

Kópà Bauchi tẹ́lẹ̀

Tiyín ṣì dáa. Àwa lọ Yankari, ọgbà ẹranko tó wà ní Bauchi, ní August torí ìgbà yẹn la ráyè, fọ́tò erin ló gbé wa dé ọ̀hún, erin bí ogún tí wọ́n tò sétí odò. Koríko ti ga débi pé tí erin bá dúró síbi téèyàn lè fọwọ́ kàn án, ta ló máa rí i? Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń wá mumi létí odò Gaji, ìgbà yẹn làwọn tó ń ya fọ́tò náà máa ń lọ. Ẹ̀yin lọ lẹ́ẹ̀rùn ẹ ò rómi, àwa lọ lójò a ò rérin, a jọ jẹ́ ọ̀kan náà ni.

Ìnàkí la rí. Ọ̀kan já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, ó gun orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó jókòó pẹ̀sẹ̀, ó wá ń bó ẹ̀yìn búrẹ́dì náà bí ẹni ń bó ọsàn, inú ẹ̀ nìkan ló jẹ.

Àmọ́ mi ò ní purọ́ mọ́ Wikki, ìsun omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tó wà nínú Yankari. Omi yẹn rí bó ṣe wà nínú fọ́tò gẹ́lẹ́, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn ló ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní bíi 31 dìgíríì, ó mọ́ débi pé ẹ máa rí yanrìn ìsàlẹ̀ àti ìka ẹsẹ̀ yín. Nǹkan tí mi ò retí ló dùn mọ́ mi jù.

Aláwòrán Wuse

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́, iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹ nìyí. Omi tó ń dà bí òwú yẹn, èèyàn ò lè fojú lásán rí i bẹ́ẹ̀ láéláé. A máa gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, a jẹ́ kí ojú ẹ̀ là sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, omi tó ń sáré á wá fà wọ́ra wọn di funfun. Fọ́tò tí òkúta Zuma ti dà bí ẹni fẹ́ wó lu mọ́tò lórí títì náà ńkọ́? Mo jìnnà sí i gan-an nígbà tí mo yà á, lẹ́ńsì gígùn ni, òun ló máa ń fa ohun tó wà lẹ́yìn wá síwájú. Òkúta yẹn ga lóòótọ́ o, bíi 300 mítà sókè ilẹ̀ tó yí i ká, mi ò fi nǹkan kan kún un, ibi tí mo dúró sí ni mi ò sọ. Ọ̀rá pure water sì rèé, èmi fúnra mi ni mo máa ń ṣà á kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, èyí tí mi ò bá lè ṣà tán, mo máa gbé ojú kámẹ́rà sókè díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan lọ wo Mona Lisa, àwòrán obìnrin tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn, ní Paris, ó ní gíga ẹ̀ ò ju 77 sẹ̀ǹtímítà lọ, ó wà lẹ́yìn gíláàsì, fóònù àwọn tó wà níwájú lòun rí dáadáa.

Ṣadé Gwarinpa

Ẹ ò tíì sọ ti hòtẹ́ẹ̀lì. Mi ò ní dárúkọ o. Swimming pool tó dà bí ọ̀sà lórí fóònù, ọmọ mi ọdún méje jókòó sínú ẹ̀, orúnkún ẹ̀ yọ síta.

Màmá Suleja

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìtòsí Zuma ni mo ti ń ta ọjà, ó ti lé lógún ọdún. Wọ́n á páàkì, wọ́n á yọ náírà 100 jáde, èyí tí Awólọ́wọ̀ wà níwájú ẹ̀ tí òkúta wà lẹ́yìn, wọ́n á nà án sókè, wọ́n á di ojú kan, wọ́n á máa fi wé e. Wọ́n á ní màmá, ojú tí wọ́n ní òkúta yìí ní dà? Màá ní ẹ sún sẹ́yìn, imú nìyẹn, ẹnu nìyẹn. Àwọn kan á rí i, àwọn kan á kàn ní àwọn ti rí i kí n lè dákẹ́.

Ìgbà ọyẹ́ ló wá burú. Lọ́dún kan bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ ilé ìwé wá, tíṣà wọn bọ́ sílẹ̀, ó ní màmá ẹ jọ̀ọ́, ó ku bí ibo ká tó dé Zuma Rock? Mo ní ẹ wẹ̀yìn yín. Gbogbo wọn yíjú, eruku ni wọ́n rí, wọ́n rò pé mò ń fi wọ́n ṣeré. Ẹ tún gbọ́, Niger State lòkúta yẹn wà o, ẹ yé kọ Àbújá sí i.

Bàbá Ìbejì Kubwa

Ẹ ṣé gan-an, màmá mo kí yín o. Mo ka gbogbo ẹ̀ sétí ìyàwó mi, ibi ìnàkí yẹn ló ti rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà tá a wà lọ́hùn-ún, ó ní kí n ya òun àtàwọn ìbejì, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ dáadáa, mo dọ̀bálẹ̀ lórí òkúta gbígbóná yẹn títí ìdodo mi fi fẹ́ẹ̀ jóná. Àná ló gbé e sórí status. Ó ti gé apá ọ̀tún, ó ti gé apá òsì, omi ẹ̀rọ tí mo sọ fún yín yẹn wá dà bí ohun tó lè gbé ilé lọ, ẹ wá ọ̀rá pure water níbẹ̀ tì. Àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ti kọ sí i pé ibo rèé o, àwọn fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ lásìkò Easter. Mo ní kó yáa sọ fún wọn kí wọ́n ní sùúrù di August. Ó ní òun ti rí ọ̀rọ̀ wọn, òun máa dáhùn tóun bá ráyè.