Ohun ìṣerun tí kò ní gluten fún ọmọ tí awọ ara rẹ̀ kì í gba nǹkan

Ìbéèrè (ìyá ọmọ, London)
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ní àrùn celiac, èyí tí kì í jẹ́ kí ara rẹ̀ gba gluten, ìyẹn protein tó wà nínú àlìkámà, ọkà báálì àti ọkà ráì. A ti yọ gbogbo ohun tí a fi ìyẹ̀fun àlìkámà ṣe kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀, inú rírun sì ti fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ ni kò tíì yé mi. Awọ orí rẹ̀ máa ń yún un, ẹ̀yìn etí rẹ̀ sì máa ń pọ́n, pàápàá bí mo bá fi jẹ́ẹ̀lì tẹ́ irun iwájú orí rẹ̀. Bí mo bá sì di irun náà tán, ṣe ni yóò ki ṣóńṣó rẹ̀ bọ ẹnu, tí yóò máa jẹ ẹ́ bó ṣe ń kàwé. Irú ọṣẹ ìfọrun, ìpara àti jẹ́ẹ̀lì wo ni mo lè lò tí ọkàn mi yóò fi balẹ̀?

Ìdáhùn (apòògùn, Ìbàdàn)
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Gluten tó bá gba ẹnu wọ inú ìfun ló ń ṣe ẹni tó ní celiac ní jàǹbá. Èyí tó wà lórí awọ tóbi ju ohun tí awọ lè fà mu lọ. Nítorí náà, irun tó ń jẹ yẹn gan-an ni kí ẹ fiyè sí, àti ọwọ́ tó fi kan irun kó tó jẹun. Ẹ wo ẹ̀yìn ike dáadáa, nítorí orúkọ Látìn ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀: Triticum vulgare ni àlìkámà, Hordeum vulgare ni báálì, Secale cereale sì ni ráì. Hydrolyzed wheat protein, ìyẹn protein àlìkámà tí wọ́n ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, wọ́pọ̀ nínú ìpara àti jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ní ó ń fún irun lágbára.

Ní ti yíyún, ẹ má fi ẹ̀bi lé gluten nìkan lórí. Lọ́fínńdà àti èròjà tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ bàjẹ́, bíi methylisothiazolinone, máa ń fà á gan-an. Síbẹ̀, awọ lè kọ àlìkámà lọ́tọ̀: ní Japan, ọṣẹ ìfọjú kan tó ní irú protein yìí sọ ènìyàn tó lé ní 2,000 di ẹni tí ara rẹ̀ kò gba àlìkámà mọ́, kódà nínú oúnjẹ, wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà ní 2011. Ẹ jẹ́ kí dókítà awọ yẹ ọmọ náà wò, nítorí celiac fúnra rẹ̀ lè mú kí ìgbọ̀nwọ́, orúnkún àti awọ orí sú, kí wọ́n sì máa yún.

Ìdáhùn (onídìrí, Peckham, London)
Mo fara mọ́ ohun tí apòògùn sọ. Ṣé ẹ máa ń fi átááṣì dì í, mà? Èròjà tí wọ́n fi ń kun ara átááṣì náà máa ń yún ọmọdé. Bí ẹ kò bá lè ṣe aláìlò ó, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi àti finígà kí ẹ tó dì í, ṣùgbọ́n finígà ápù ni kí ẹ rà, nítorí báálì ni wọ́n fi ń ṣe malt vinegar tó wọ́pọ̀ níbí. Lójú tèmi, ṣùkú tàbí irun olówùú ló dára jù fún un, kí ẹ sì fi òrí pọ́ńbélé tàbí òróró àgbọn pa á. Dípò jẹ́ẹ̀lì, ẹ gé ilá, ẹ sè é títí omi rẹ̀ yóò fi máa fà, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ nígbà tó ṣì gbóná, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì. Ọjọ́ díẹ̀ ni kí ẹ fi lò ó. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ lò, ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí inú ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, kí ẹ sì wò ó fún ọjọ́ méjì.

Ìyá ọmọ
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti yẹ jẹ́ẹ̀lì náà wò, hydrolyzed wheat protein àti lọ́fínńdà wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ìpara rẹ̀ kò ní èyí, ṣùgbọ́n wọ́n kọ òróró àlìkámà sí i. Ṣé kí n gbé ìyẹn náà sílẹ̀?

Apòògùn
Ẹ gbé e sílẹ̀, mà. Protein díẹ̀ lè ṣẹ́ kù sínú òróró bẹ́ẹ̀, ọmọ yín sì ń jẹ irun rẹ̀.