Ìyá mi ò gbọ́ mi lórí fóònù

Ọmọ Ìyá Aláṣọ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá mi wà, nítòsí ọjà Jagun. Tí mo bá pè wọ́n, “Ta ni? Mi ò gbọ́ o!” ni ṣáá. Bẹ́ẹ̀ tí fóònù bá dún, wọ́n máa ń gbọ́ ọ láti ilé ìdáná. Android ni. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ìdún fóònù yàtọ̀ sí ohùn ìpè. Ìgbà tí ìpè bá ń lọ lọ́wọ́ ni kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì ohùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù sókè. Ẹ wo ihò tínńtín tí ohùn ń gbà jáde, tó wà lókè ojú fóònù náà, eruku àti ìdọ̀tí etí máa ń dí i. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbẹ ni kí ẹ fi gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un.

Àjàní Ọ̀yọ́: Ti bàbá mi, ike tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú fóònù ló bo ihò yẹn.

Àbẹ̀kẹ́: Tí kò bá tíì yàtọ̀, ẹ mú màmá lọ ṣe àyẹ̀wò etí. Ohùn tínrín ló sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ àgbà. Wọ́n á gbọ́ pé èèyàn ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò ní já gaara. Ẹ rọra sọ̀rọ̀, ẹ má pariwo.