Pátákó atọ́nà fún ilé ìwòsàn alábọ́dé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wọ́n ní kí n ṣe pátákó atọ́nà tuntun fún ilé ìwòsàn alábọ́dé kan ládùúgbò Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn. Gẹ̀ẹ́sì wínníwínní ló kún ara ògiri. Ìyá àgbà kan tò sídìí abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ títí, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì bá wá. Ó dùn mí gan-an.

Yorùbá gàdàgbà pẹ̀lú àwòrán ni mo fẹ́ lò. Lẹ́tà tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 2.5 ṣeé kà láti nǹkan bíi mítà 7. Àwọ̀ ló kù. Pupa lè já aláìsàn láyà, àwọn kan ò sì mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Ṣé kí n fa ìlà sílẹ̀ láti ibi káàdì dé ọ̀dọ̀ dókítà, àbí ẹsẹ̀ èrò á tètè pa á rẹ́? Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti akunlé, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí sí i?