Èsì: “Aláriwo-kékeré” ò lè dúró

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Ẹ̀gbọ́n wa tó mú “aláriwo-kékeré” wá fún àwọn èèyàn díẹ̀ tí ohùn wọn ń borí ti ọ̀pọ̀ nígbà ìdìbò, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yẹn ò bójú mu.

Níbi “kékeré” ló ti kọ́kọ́ wọ́. Kékeré kì í ka èèyàn, títóbi ló ń wọ̀n. Bí mo bá ní mo rí aláriwo kékeré ní Ìdúmọ̀tà, ọmọdé tó ń ké ni ẹ ó máa wá kiri. Iye là ń sọ, “ìwọ̀nba” la sì fi ń sọ ọ́: ìwọ̀nba èèyàn ló wá, ìwọ̀nba owó ló kù.

“Aláriwo” ló wá dùn mí jù. Èébú ni! Àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó tó tọ́ wa ò jẹ́ pe ẹni tó ń gbẹnu sọ fún ìlú ní aláriwo láéláé. Abẹnugan ni wọ́n ń pè é. Ní 1923, nígbà tí NNDP, ẹgbẹ́ òṣèlú Herbert Macaulay, kó gbogbo àga 3 tó jẹ́ ti Èkó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ọkùnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún tó £100 nìkan ló lè dìbò. Obìnrin ò ní ìbò kankan. Síbẹ̀, Alimotu Pelewura, olórí ọjà Eréko, àtàwọn ìyá ọjà dúró ti Macaulay gbágbáágbá, ẹnu wọn sì tólẹ̀ nílùú. Ṣé aláriwo la fẹ́ kọ sínú ìwé fún wọn?

Ẹ wo ti òde òní. Ní 2023, orúkọ tó wà nínú ìwé olùdìbò ní ìpínlẹ̀ Èkó lé ní mílíọ̀nù 7. Ìbò 762,134 ló gbé gómìnà wọlé. Ìwọ̀nba ni. Báwo ni wọ́n ṣe ń kó ìwọ̀nba yẹn jáde? Ejẹ́ńtì ẹgbẹ́ ni, ní Èbúté Mẹ́ta, tòun ti ìwé orúkọ lọ́wọ́, tó ń kanlẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé: “Ìyá Ṣadé, ẹ ò tíì jáde ni?” Ẹnu ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe ariwo.

“Ìwọ̀nba abẹnugan” ni tèmi. Pé wọ́n ti fi abẹnugan pe olórí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Èkó ní Aláùsá ò dí wa lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ “alóhùn díẹ̀” dípò “aláriwo-kékeré”, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti kọ́ ọ? Oní pẹ̀lú ohùn, olóhùn ni, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pẹ, àmì ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group, ṣe bí Ọlọ́pẹ, tí àkùkọ, àmì ẹgbẹ́ NCNC, bí Alákùkọ. Àwọn tó sọ ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ ní Ọlọ́pẹ ò dúró de ọ̀jọ̀gbọ́n kankan, wọn ò sì ṣi oní- lò.

Àbúrò tó sì ní “ẹgbẹ́ òṣèlú” ò tọ̀nà, pé “ìṣèlú” ló yẹ nítorí pé èèyàn ni “ò-” ń tọ́ka sí: ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wá ńkọ́? Ẹ fún mi lésì ìyẹn ná.