Òòyì etí ni, kì í ṣe rọpárọsẹ̀: orúkọ fún àrùn tó ń gbé ajá àgbà ṣánlẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tí a ó fún àìsàn tó máa ń dé bá ajá tó ti dàgbà lójijì: ó sùn láìṣe nǹkan kan, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò lè dá dúró mọ́. Àwọn kan dábàá "rọpárọsẹ̀ ajá". Àwọn kan ní "òòyì" ti tó. Mi ò fara mọ́ ti àkọ́kọ́ rárá, mo sì ní àfikún sí ti èkejì.

Ẹ wo "rọ" tó wà nínú rọpárọsẹ̀. Ohun tó bá rọ ti pàdánù agbára. Ẹ gbé e sókè, á já wálẹ̀ bí aṣọ tútù. Ẹsẹ̀ ajá tí à ń wí yìí kò rọ. Ẹ di ìbàdí rẹ̀ mú, ẹ ó rí i pé ó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ilẹ̀, ó tún yà wọ́n gbòòrò kí ó má baà ṣubú. Agbára wà, ibi tí ilẹ̀ wà ni kò mọ̀. Nínú etí lọ́hùn-ún ni àwọn ihò tóóró mẹ́ta wà tó tẹ̀ bí òrùka, omi inú wọn ló ń jẹ́ kí ọpọlọ mọ̀ bóyá orí ń yí tàbí ó dúró. Bí etí ọ̀tún bá ń jíṣẹ́ tó yàtọ̀ sí ti òsì, ọpọlọ á gbà pé gbogbo ara ń yí. Òòyì gan-an nìyẹn.

Ẹnì kan béèrè pé ta ló sọ fún wa pé òòyì ń kọ́ ajá, nígbà tí kò lè fẹnu sọ ọ́. Ẹ wo ojú ọmọdé tó ń pòòyì tó sì dúró lójijì: ẹyinjú rẹ̀ á fà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á ta padà kíá, á tún fà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ti ajá náà, àfi pé tirẹ̀ kì í dúró bó tilẹ̀ dùbúlẹ̀. Wọ́n ti pe èyí ní "ẹyinjú jíjó", ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ọ lè rò pé iná tàbí ata ló ń jó ojú. "Àlọbọ̀ ẹyinjú" ni mo fara mọ́.

Ti orí tó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan ńkọ́? "Ọrùn wíwọ́" kò bá a mu, nítorí ọrùn kò ní àbùkù. Alágbàárù ti fún wa ní ọ̀rọ̀ náà tipẹ́: ẹrù tó bá dà sí apá kan, ó fì nìyẹn. Nítorí náà, "orí fífì". Apá ibi tí orí bá fì sí ni etí tí ń ṣàìsàn máa ń wà, ibẹ̀ náà ni ajá máa ń ṣubú sí, ibẹ̀ sì ni kí ẹni tó ń tì í lẹ́yìn dúró sí.

Mo fi "etí" mọ́ òòyì nítorí pé irú rẹ̀ kan ń ti inú ọpọlọ wá, ìyẹn sì le ju èyí lọ. Bí àlọbọ̀ ẹyinjú bá jẹ́ láti òkè sí ìsàlẹ̀, ẹ fura sí òòyì ọpọlọ. Ẹ di ajá mú kó dúró, kí ẹ ṣẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kan po kí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà kan ilẹ̀; èyí tó jẹ́ ti etí á dá a padà lójú ẹsẹ̀, èyí tó jẹ́ ti ọpọlọ lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Orúkọ tó ń bà mí lẹ́rù jù ni "dìgbòlugi", tí àwọn èèyàn ń sọ ní kété tí wọ́n bá rí ajá tó ń rìn tàgétàgé. Ajá tí wọ́n bá ti fún lórúkọ yẹn, pípa ló kù. Òótọ́ ni pé ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí ìwà rẹ̀ yí padà, tí kò lè gbé itọ́ mì, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n òòyì etí tí a kò rí ìdí rẹ̀ máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀: àlọbọ̀ ẹyinjú á dín kù láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, ìrìn á padà láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Orí lè fì díẹ̀ títí láé, kò ní kó má jẹun.

Títí dìgbà náà, ẹ tẹ́ ẹní rọ́bà sórí táìlì, ẹ dí ojú àtẹ̀gùn, ẹ tan iná sílẹ̀ lóru, nítorí ojú ló ń ran etí lọ́wọ́. Ẹ fi táwẹ̀lì gba abẹ́ ikùn rẹ̀ tó bá fẹ́ lọ tọ̀. Ẹ má da omi sí i lẹ́nu níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé abọ́ sókè díẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ fún un ní oúnjẹ. Bó bá ń bì, dókítà ẹran ní oògùn fún un. Kí dókítà sì wo inú etí kí ẹnikẹ́ni tó kán oògùn tó ní gentamicin (oògùn apakòkòrò kan) sí i: bí awọ etí bá ti lu, oògùn yẹn lè ba inú etí lọ́hùn-ún jẹ́, kó sì tún dá òòyì mìíràn sílẹ̀.

Ó ku orúkọ àwọn ihò mẹ́ta inú etí yẹn. "Òrùka etí" ì bá dára, ṣùgbọ́n yẹtí ni gbogbo ayé máa rò. Ṣé "òrùka inú etí" ò ti gùn jù?