"Orin òrukàn" ni mo fara mọ́, kì í ṣe "orin àfọ̀ṣẹ"

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Kubwa dábàá pé kí a máa pe orin tó gbòde lẹ́yìn ikú àìtọ́jọ́ olórin ní "orin àfọ̀ṣẹ", nítorí pé ọ̀rọ̀ inú irú orin bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jọ ohun tó padà dé bá ẹni tó kọ ọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ orúkọ náà. Agbára ló wà nídìí àfọ̀ṣẹ; bí a bá fi í pe orin òkú, a ti sọ pé ẹnu olórin ló pa á. Nígbà tí Mohbad, ọ̀dọ́ olórin Nàìjíríà, kú ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ní ẹni ọdún 27, àwọn orin tó ti kọ sílẹ̀ tún gba ìgboro kan títí dé Àbújá níbí, olúkúlùkù sì ń wá ọ̀rọ̀ ikú nínú wọn. Àwọn ọlọ́pàá ní láti hú òkú rẹ̀ kí wọ́n lè mọ ohun tó pa á. Ẹni tó bá ti ní àfọ̀ṣẹ ni, kí ló tún kù tí yóò wádìí?

Àwọn mìíràn ní kí a lo "kòńgẹ́" fún bí ọ̀rọ̀ orin ṣe ń bá ikú olórin mu. Kòńgẹ́ ire ni a máa ń tọrọ nínú àdúrà, n kò sì rò pé ó yẹ ọ̀fọ̀. Àkọsẹ̀bá ló tọ́: ohun tí ẹsẹ̀ kọ, tí kò sẹ́ni tó gbé e síbẹ̀. Otis Redding, olórin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣì ń gba ohùn orin rẹ̀ nípa ọkùnrin tó jókòó sétí omi sílẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ kí bàálù tó gbé e tó já sínú adágún Monona níbẹ̀, ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1967. Omi nínú orin, omi níbi ikú. Orí ẹni a máa wú. Síbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ ikú kankan nínú orin náà.

Ti orúkọ orin fúnra rẹ̀ ńkọ́? A ní Bàbárímisá fún ọmọ tí ikú bàbá rẹ̀ bọ́ sí àkókò ìbí rẹ̀, ó sì bá orin Redding mu, nítorí pé oṣù Kìíní ọdún 1968 ni wọ́n gbé e jáde. Ṣùgbọ́n Jim Croce, olórin Amẹ́ríkà mìíràn, ti gbé orin rẹ̀ Time in a Bottle jáde nínú àwo rẹ̀ ti ọdún 1972, lẹ́yìn tó ti kọ ọ́ nígbà tó gbọ́ pé ìyàwó òun lóyún. Ìjàǹbá bàálù pa á ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1973, orin náà sì gba ipò kìíní lórí àtẹ orin Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá. A ti bí ọmọ yìí, ìyẹn orin náà, kí bàbá rẹ̀ tó kú. Òrukàn gba méjèèjì, ìdí nìyẹn tí mo fi yàn án.

Nígbà tí mo ṣàlàyé "orin òrukàn" fún ọmọ mi obìnrin, ó béèrè lọ́wọ́ mi pé ta wá ni alágbàtọ́ rẹ̀, ta ló ń gba owó rẹ̀. Mo rò pé a ti rí orúkọ fún ẹni tí ẹ̀tọ́ orin náà bọ́ sí lọ́wọ́ níyẹn.